Ọkọ̀ bátìrì tó gbé wa dé Taj Mahal

Orúnkún Àǹtí mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òfin ṣeé jókòó lé.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Ó wá tọ́jú orúnkún ní Delhi, níbi tí mo ti ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ òfin. Bí dókítà ṣe ní ó ti lè máa rìn díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ò ní í tẹ ilẹ̀ Íńdíà kí òun padà sílé láìrí Taj Mahal, ibojì mábù funfun tí ọba Shah Jahan kọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní ìlú Agra. Mo bá sanwó fún ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó máa ń mú àlejò lọ sí Agra: rúpìì 8,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Rélùwéè àlọ àti àbọ̀ wà nínú owó náà, mọ́tò tó máa gbé wa kiri ìlú wà níbẹ̀, amọ̀nà kan àti oúnjẹ ọ̀sán náà sì wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Taj kò sí níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí kì í ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn ló dùn ún gbọ́.

Ọkọ̀ bátìrì tó ń gbé èrò láti ibi tí mọ́tò ń dúró sí dé ẹnubodè Taj ni mo fẹ́ yẹ̀ wò jù lọ. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Taj kì í ka ọkọ̀ yìí sí. Èmi kà á sí, torí ẹjọ́ tó bí i ni mo fi odindi sáà kan kà, tí mo sì fi ṣe ìdánwò.

Rélùwéè kọ́kọ́ ná. Gatimaan Express gbéra ní ibùdó Hazrat Nizamuddin ní Delhi láàárọ̀, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ń sá dáadáa, ó ń sá kìlómítà 160 ní wákàtí kan, wákàtí méjì ò sì tíì pé tá a fi dé Agra Cantt. Kì í rìn lọ́jọ́ Ẹtì, Taj náà kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà ẹ má ṣe ra ọjọ́ yẹn. Àga rẹ̀ gba ẹsẹ̀. Wọ́n fún wa lóúnjẹ àárọ̀. Àǹtí ní ata inú rẹ̀ kò débì kan. Mi ò ní ẹ̀sùn míì sí i.

Inú rélùwéè yìí ni Àǹtí ti bi mí ní ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. "Bùsọ́lá, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ ẹ níbí gan-an? Òfin igi àti odò?"

Mo ní, "Ẹ ò jìnnà sí i, mà." Mo sọ fún un pé ọdún 1976 ni Íńdíà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àbala 48A kún ìwé òfin ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi gbé ààbò igbó àti àyíká lé ìjọba lọ́wọ́, pẹ̀lú 51A(g), tó gbé e lé aráàlú náà lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ wá mú àbala 21, èyí tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ lọ́nà tí kò bófin mu, wọ́n ní ẹ̀mí tí ibẹ̀ ń wí kì í ṣe mímí lásán, pé afẹ́fẹ́ tó mọ́ àti omi tó mọ́ wà nínú rẹ̀.

Àǹtí ní, "Bhopal ńkọ́? A gbọ́ ìyẹn lórí rédíò nígbà yẹn." Lóru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá 1984, gáàsì olóró jò jáde láti iléeṣẹ́ oògùn kòkòrò Union Carbide ní Bhopal, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ọdún 1986 ni òfin gbogboogbò fún ààbò àyíká tó jáde, ìyẹn Environment (Protection) Act.

Ó ní, "Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú tán."

Mo sọ ti ẹjọ́ Vellore fún un. Àwọn tó ń ṣe awọ ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ń da omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́ wọn sórí ilẹ̀ àti sínú odò Palar, títí omi kànga àdúgbò kò fi ṣeé mu mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 1996, Adájọ́ Kuldip Singh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà dá ẹjọ́ náà. Wọn ò ní kí iṣẹ́ awọ parẹ́. Wọ́n ní ó ń mú owó òkèèrè wọlé, ó sì ń fún èèyàn níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó ba omi ìlú jẹ́. Wọ́n bu ìtanràn rúpìì 10,000 lé iléeṣẹ́ awọ kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ yìí ló sọ ọ́ di òfin ní Íńdíà pé ẹni tó bá ba àyíká jẹ́ ni yóò sanwó àtúnṣe rẹ̀, àti pé kéèyàn má dúró dìgbà tí àwọn onímọ̀ bá fẹnu kò délẹ̀ kó tó dènà ewu. Ẹni tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ni yóò fi hàn pé ohun tóun fẹ́ ṣe kò léwu.

Àǹtí ní, "Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀, àbí?" Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ọ̀hún rèé."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bí ẹni tó ti ta ọjà fún ọgbọ̀n ọdún: "Ta ló ń san án gan-an? Mi ò wí ẹni tí wọ́n kọ sínú ìwé o. Ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ yọ owó lápò ni mò ń wí."

Mo ní ká dé Agra ná.

Mọ́tò tó wá gbé wa ní ibùdó rélùwéè já wa sílẹ̀ ní Shilpgram, lọ́nà ẹnubodè ìlà-oòrùn. Kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Tó bá ti ku mítà 500 kéèyàn dé Taj, ọkọ̀ tó ń yọ èéfín kò gbọdọ̀ wọ àdúgbò náà, àyàfi ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, ọkọ̀ bátìrì ló máa wọ̀. Ó dà bí àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń rìn lórí pápá gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n ó gùn jù bẹ́ẹ̀: òrùlé wà, ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìjókòó wà lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá ń lọ, ariwo rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Òórùn epo kò sí. Lẹ́yìn àárọ̀ kan láàárín ọkọ̀ Agra tí wọ́n ń fun fèrè bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, bí ìgbà téèyàn wọ inú yàrá tí wọ́n ti pa rédíò ni.

Ìyẹn ni mo fi fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀karùn-ún bọ́ síbi àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà ga fún ẹni tí orúnkún ń dùn, kò sì sí irin tí Àǹtí lè dì mú lápá ibi tó ti gùn ún. Èmi ni mo gbé e láti ẹ̀yìn, bàbá kan tó jẹ́ ará Jámánì sì fà á lọ́wọ́ láti inú ọkọ̀. Awakọ̀ ń wo iwájú. Ọkọ̀ kò gbéra àfìgbà tó kún. Nígbà tá a sì ń bọ̀, awakọ̀ míì ní ká mú owó wá, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì tí àlejò ilẹ̀ òkèèrè ń ra, àti ike omi àti ìbòsẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀ sórí bàtà. Rúpìì 1,100 ni tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ẹ ó tún fi 200 lé e tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ inú ibojì fúnra rẹ̀. Ọmọ Íńdíà ń san 50. Àǹtí kà á lẹ́ẹ̀mejì lára pátákó. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì han awakọ̀ náà, ó sì rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ ká máa lọ. Kò sí ìjà.

Ohun kan tí mi ò lè kó kúrò lọ́kàn bá a ṣe jókòó síbẹ̀ ni pé èédú ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná Íńdíà. Èéfín ọkọ̀ yẹn kò parẹ́. Ó ṣí lọ sílé ẹlòmíì ni.

Amọ̀nà wa gba ìràwọ̀ kan, torí pé ó tètè dé. Ó ní Shah Jahan gé ọwọ́ àwọn tó kọ́ ilé náà kí wọ́n má baà kọ́ irú rẹ̀ mọ́. Àròsọ ni, kò sí ẹ̀rí kankan fún un. Ó tún ní ọba náà fẹ́ kọ́ Taj dúdú sódìkejì odò. Ìyẹn náà ò lẹ́rìí. Mo fara da méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ bátìrì nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ó ní, "Kí ẹsẹ̀ má baà dun àwọn àlejò, madam." Ọkùnrin tó ń jẹun lórí Taj lójoojúmọ́! Mo mú Àǹtí lọ sórí àga mábù kan lẹ́bàá omi, mo sì sọ fún un fúnra mi.

Ní 1984, lọ́yà kan tó ń jẹ́ M. C. Mehta gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà. Ó ní èéfín ń jẹ Taj. Àwọn tó ń yọ́ irin ní Agra ń dáná èédú, àwọn tó ń ṣe gíláàsì ní Firozabad ń dá a, ilé ìfọpo Mathura sì ń tú tiẹ̀ jáde. Tí èéfín imí ọjọ́ bá pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ásíìdì ló máa ń dà, ásíìdì náà á sì máa jẹ mábù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fa ìlà yí Taj ká lórí àwòrán ilẹ̀, kìlómítà 10,400 níbùú lóròó, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Taj Trapezium. Agra, Mathura àti Firozabad wà nínú rẹ̀, títí dé Bharatpur ní Rajasthan. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 1996, ìdájọ́ jáde: iléeṣẹ́ 292 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo gáàsì dípò èédú, tàbí kí wọ́n kó kúrò. Èyí tí kò bá gba gáàsì gbọ́dọ̀ pa iná èédú rẹ̀ kí ọdún 1997 tó parí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìdájọ́ yẹn nìyí. Àwọn adájọ́ ò kàn sọ pé Taj rẹwà. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ni Taj náà, pé àwọn tó ń wá wò ó lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù méjì, tí ìjọba sì ń rówó ńlá níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ẹwà ni wọ́n gbé sí apá kan òṣùwọ̀n, tí wọ́n gbé owó sí apá kejì. Owó wà lápá méjèèjì. Ẹni tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnubodè náà wà níbi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń da irin gbígbóná.

Àǹtí ní, "Àwọn tó ń da irin yẹn ńkọ́?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yìí láti inú rélùwéè. Mo sọ fún un pé ìdájọ́ náà kò gbàgbé wọn. Òṣìṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi tuntun kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ó san owó oṣù rẹ̀ fún gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń kó lọ, wọn ó sì fún un ní owó iṣẹ́ ọdún kan lórí rẹ̀. Èyí tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá tilẹ̀kùn, yóò gba owó ìdádúró tí òfin là sílẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́ ọdún mẹ́fà.

"Ọdún mẹ́fà!" Ojú rẹ̀ là. "Ìyẹn dáa o."

"Tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko láìdáwọ́ dúró, mà."

Ó yí ojú sí mi. "Nínú ìwé?"

"Nínú ìwé."

"Ọmọ tí wọ́n ń fún lówó lójúmọ́, tí wọ́n ń pè ní 'ìwọ yìí, máa bọ̀', tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan ńkọ́?" Mo wo ilẹ̀. Àǹtí ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ rí, òun náà sì ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ sáà kan ni mo gbà lórí ẹjọ́ yìí; kò sẹ́ni tó bi wa ní ìbéèrè yẹn nínú kíláàsì.

Mo gbìyànjú láti gbèjà àwọn adájọ́ mi, torí mo fẹ́ràn wọn. Mo ní kì í ṣe gbogbo ìgbà ni igi àti odò máa ń borí. Ní 2000, nínú ẹjọ́ odò Narmada, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní kí ìsédò Sardar Sarovar tẹ̀ síwájú, torí ìpínlẹ̀ Gujarat nílò omi, bẹ́ẹ̀ abúlé ń bẹ tí omi yóò bò. Ní 2013, wọ́n gbé òmíràn gba ọ̀nà míì. Òkè Niyamgiri ní ìpínlẹ̀ Odisha, tí ẹ̀yà Dongria Kondh ń bọ, ni wọ́n ti fẹ́ wa bauxite, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ́mù. Ilé-ẹjọ́ ní kí ìgbìmọ̀ àwọn ará abúlé fúnra wọn jókòó, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Abúlé méjìlá ló jókòó. Gbogbo méjìlá ní rárá, òkè náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Àǹtí ní, "Ìyẹn ni wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n bi wọ́n."

Amọ̀nà dé, ó ní àsìkò ń lọ. Ohun tó ń kánjú sí ni ṣọ́ọ̀bù mábù kan tí kò sí nínú ètò tá a sanwó fún, níbi tí wọ́n ti fi ago tíì mẹ́rin àti àwo olódòdó tó ń tàn bí iná há wa mọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo yọ ìràwọ̀ méjì lára ti iléeṣẹ́ náà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wọn dáa. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Mehtab Bagh ló kàn, ọgbà tó wà lódìkejì odò, níbi téèyàn ti ń rí ẹ̀yìn Taj. Bí ẹ bá ráyè lọ síbi kan ṣoṣo lẹ́yìn Taj fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, pàápàá tí oòrùn bá ti ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ òórùn odò náà, Yamuna. Ilé-ẹjọ́ lé èédú jìnnà, ó lé mọ́tò jìnnà, odò tó ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ Taj ṣì ń gbé ìdọ̀tí ìlú bọ̀ láti òkè. Ní 2016, kòkòrò tíntìntín tó ń bí nínú omi ìdọ̀tí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé sára mábù. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kan náà bínú débi tó fi sọ fún àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n ti Taj pa, tàbí kí wọ́n wó o, tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Mábù náà ń pọ́n. Èéfín pàǹtí àti igi tí wọ́n ń jó, pẹ̀lú eruku, wà lára ohun tó fà á. Amọ̀ ni wọ́n fi ń kun ún lára bí ìyàwó tuntun, tí wọ́n á sì ṣàn án nù tó bá gbẹ.

Mo sọ fún Àǹtí pé ilé-ẹjọ́ mìíràn wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, National Green Tribunal, tí òfin 2010 dá sílẹ̀. Ó ń jókòó ní Delhi, Bhopal, Pune, Kolkata àti Chennai. Òfin rẹ̀ fúnra rẹ̀ pa á láṣẹ pé kó máa ro ìdàgbàsókè àti ààbò àyíká pọ̀ kó tó dájọ́. Aráàlú lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́fà péré ni òfin fún un láti ìgbà tí ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kéré jù lójú mi fún ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò, tí kò mọ ìgbà tí omi ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

"Èló ni wọ́n ń gbà?"

"Tẹ́ ò bá béèrè owó gbà-máà-bínú, rúpìì 1,000."

Ó ṣírò ó. "Kò tó owó tí mo fi wọ Taj láàárọ̀ yìí."

Èyí ni mo máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ẹ lo rélùwéè yẹn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Taj fúnra yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì gba ẹnubodè ìlà-oòrùn. Ẹ wọ ọkọ̀ bátìrì. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ mú dání, ẹ wá ẹni méjì tó máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Wákàtí mẹ́ta ni tíkẹ́ẹ̀tì náà ń lò nínú ọgbà, ó sì tó. Iléeṣẹ́ tó mú wa lọ, ìràwọ̀ méjì. Mi ò ní padà sọ́dọ̀ wọn.

Lójú ọ̀nà ibùdó rélùwéè, Àǹtí ní kí wọ́n dúró kóun ra petha, àdídùn Agra tí wọ́n fi irú elégédé funfun kan sè nínú ṣúgà. Èédú ni àwọn tó ń ṣe é ń dá látijọ́, àwọn náà sì wà nínú Trapezium. Ó ní kí n bi ẹni tó ń tà á bóyá gáàsì ni wọ́n fi sè é. Mo fi Hindi mi tó ń tiro bi í. Ọkùnrin náà ní gáàsì ni, gáàsì ni, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni tó ń tan sítóòfù.

Nígbà tí rélùwéè ti gbéra, Àǹtí ṣí páálí náà sórí orúnkún rẹ̀ tó ń dára sí i, ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sí imú fún ìgbà pípẹ́ kó tó fi í sẹ́nu.